Ọ̀nà Mẹ́ta Láti Kọ́ Kíláàsì Tí Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Kò Dọ́gba: Ìfiwéra fún Olùkọ́ Tó Fẹ́ Yàn

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo kíláàsì kẹrin kan ní Àgbádárìgì. Ọmọ 58 ni ó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fẹ́ kí olùkọ́ kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 35 péré nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń sọ Ègùn nílé, àwọn kan ń sọ Yorùbá, ọ̀kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùtọnu dé, níbi tó ti fi èdè Faransé bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ọmọ kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn tí etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn. Ó tó ọmọ mẹ́wàá tí kò lè ka gbólóhùn kan já, àwọn mẹ́ta kan sì wà tí wọ́n ti ka ìwé kíkà wọn tán kí táàmù tó dé ìdajì. Iṣẹ́ ìṣirò tó kàn lọ́sẹ̀ yìí ni ìdá: ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni, bọ́ọ̀dù kan ni, ogójì ìṣẹ́jú ni.

Bí olùkọ́ yìí bá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta fún un, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ wọn pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà pé ìdènà wà. Ọ̀kan sọ pé inú ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ìdènà náà wà kí ọmọ tó wọ kíláàsì. Èkejì sọ pé ìwọ̀n tí a fi ń wọn gbogbo ọmọ ni kò bá wọn mu. Ẹ̀kẹta sọ pé àwọn ọmọ kan ti já bọ́ lójú ọ̀nà ní ọdún méjì sẹ́yìn, a kò sì dúró gbé wọn. Olùkọ́ tó bá mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe kíláàsì tirẹ̀ ti yan ìdajì yíyàn rẹ̀.

Ìró, télọ̀, àti ibi tí ọmọ dé

Èyí àkọ́kọ́ ni Àgbékalẹ̀ Ẹ̀kọ́ fún Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀ sí UDL. Ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán-ilé ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Ronald Mace, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà kan tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ní kékeré, tí ó sì ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé èrò náà kalẹ̀ pé kò yẹ kí a kọ́ ilé tán kí a tó máa wá bí arọ yóò ṣe wọ inú rẹ̀. Láti orí ìwé àwòrán ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn lè gbà ti yẹ kó wà. Àjọ CAST, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ọdún 1984, ni ó gbé irú èrò yìí wọ kíláàsì. Ọdún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìlànà rẹ̀ jáde, wọ́n sì tún un tò ní 2024. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń bi olùkọ́ nígbà tó bá ń kọ lẹ́sìn nóòtì: ọ̀nà mélòó ni ẹ̀kọ́ yìí lè gbà fa ọmọ mọ́ra, ọ̀nà mélòó ni a lè gbà gbé e síwájú rẹ̀, ọ̀nà mélòó sì ni ọmọ lè gbà fi hàn pé ó ti yé òun?

Èkejì ni kíkọ́ ọmọ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Orúkọ tí a sábà máa ń gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ni ti Carol Ann Tomlinson, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ní Yunifásítì Virginia. Olùkọ́ yóò kọ́kọ́ wo bí ọmọ ti múra tó àti ohun tí ọkàn rẹ̀ fà sí, lẹ́yìn náà ni yóò wá pa ohun tí ọmọ náà ń kọ́ dà, tàbí ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ ọ, tàbí iṣẹ́ tí yóò fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń da ọ̀nà méjèèjì yìí pọ̀ kò jẹ̀bi púpọ̀, nítorí wọ́n fara jọra bí a bá wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Àmọ́ aṣọ la lè fi mọ ìyàtọ̀ wọn. Kíkọ́ ọmọ ní ìwọ̀n tirẹ̀ ni iṣẹ́ télọ̀: ó gbọ́dọ̀ wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ. UDL ni ìró: kí ẹni tó fẹ́ ró o tó dé ni wọ́n ti hun ún tán, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹni tó sanra ni yóò sì ró o bó ṣe bá ara rẹ̀ mu.

Ẹ̀kẹta ni kíkọ́ ọmọ níbi tó dé, èyí tí wọ́n ń fi lẹ́tà TaRL pè. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá, lọ́wọ́ àjọ Pratham tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ tálákà ìlú Mumbai ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. A ó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan wá, a ó ní kí ó ka lẹ́tà, kí ó ka ọ̀rọ̀, kí ó ka ìpínrọ̀ kúkurú, kí ó ka ìtàn. Ibi tó bá ti dúró ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, a ó pa kíláàsì kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún pọ̀, a ó sì tún wọn pín bí wọ́n ṣe lè kàwé sí, láìka ọjọ́ orí sí. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2019 pẹ̀lú Michael Kremer, wà lára àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò.

Ìdá kan nínú mẹ́rin, ní ọ̀nà mẹ́ta

A kò lè fi orúkọ ọ̀nà yan ọ̀nà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni kí a wò.

Olùkọ́ tó yan UDL yóò mú búrẹ́dì kan, bébà díẹ̀ àti okùn kan wọ kíláàsì. Yóò gé búrẹ́dì sí ọ̀nà mẹ́rin lójú gbogbo wọn, yóò ya àwòrán rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sábẹ́ àwòrán, yóò sì ní kí àwọn ọmọ ṣẹ́ bébà tiwọn sí mẹ́rin. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ran ti rí i. Ọmọ tó ti Kùtọnu dé kò nílò èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn mẹ́rin ló fẹ́ pín búrẹ́dì kan. Nígbà tí ìdáhùn bá kù, ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ kọ ọ́, ẹni tó fẹ́ ya á yà á, ẹni tó fẹ́ fi ẹnu ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Fún àwọn mẹ́ta tó ń sáré, ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ: bí ẹnì karùn-ún bá dé lẹ́yìn tí a ti gé búrẹ́dì sí mẹ́rin, báwo ni a ó ṣe tún un pín? Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni olùkọ́ kọ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe ni kí ó fún ọmọ tí kò mọ pínpín rárá ní ohun tí ó yẹ kó ti kọ́ ní kíláàsì kejì. Ọmọ náà yóò jẹ nínú búrẹ́dì, yóò gbádùn ẹ̀kọ́, kò sì ní lè sọ fún ọ lọ́la ìdí tí ìdá kan nínú mẹ́rin fi kéré sí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ó yẹ kí n kìlọ̀ nípa àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ní sẹ́mínà. Àwọn kan máa ń gbọ́ UDL, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ọmọ sí afojúkọ́, afetíkọ́ àti afọwọ́kọ́. Ìwádìí kò gbe ìyẹn lẹ́yìn; kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé ọmọ tí a pè ní afetíkọ́ máa ń mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi etí nìkan kọ́ ọ. Ìdí tí búrẹ́dì, àwòrán àti nọ́ńbà fi yẹ kí wọ́n wà pọ̀ ni pé gbogbo ọmọ ni ó ń jèrè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Olùkọ́ tó yan ìwọ̀n oníkálukú yóò pín kíláàsì kan náà sí ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kìíní ń ṣẹ́ bébà, wọ́n sì ń pe orúkọ ìdá tí wọ́n bá rí. Ẹgbẹ́ kejì ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta wé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kẹta ń yanjú ìṣòro ìyá tó ta ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kóńgò gàrí láàárọ̀, tó tún ta ìdajì kóńgò nírọ̀lẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kò sí ẹ̀kọ́ tó dùn tó èyí: ọmọ kọ̀ọ̀kan ń làágùn díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ múra rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, iṣẹ́ mẹ́ta ni yóò máàkì, nígbà tó bá sì dúró ti ẹgbẹ́ kan, nǹkan bí ogójì ọmọ ni kò sí lójú rẹ̀. Ìṣòro kejì burú jù ú lọ. Bí ẹgbẹ́ kìíní bá jẹ́ àwọn ọmọ kan náà láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù keje, ẹgbẹ́ olódo ni wọn yóò máa pè é lábẹ́ igi máńgòrò, kódà bí olùkọ́ bá sọ ọ́ ní ẹgbẹ́ Òdòdó. Tomlinson fúnra rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa yí padà lóòrèkóòrè. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn tó ń ròyìn ọ̀nà yìí sábà máa ń fò.

Ní ti olùkọ́ tó yan kíkọ́ ọmọ níbi tó dé, kò ní kọ́ wọn ní ìdá rárá ní wákàtí yẹn. Ó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu, ó sì máa ń ya àwọn aláyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ lẹ́nu jù wọ́n lọ. Àwọn ọmọ tí kò mọ àyọkúrò yóò jókòó yíká pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn láti kíláàsì kẹta àti ìkarùn-ún, wọn yóò máa di igi ìgbálẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọn yóò sì máa tú u kí wọ́n lè yọ méje kúrò nínú mẹ́tàlélógún. Ìdá yóò dúró de àsìkò ìṣirò gan-an. Èrè rẹ̀ ni pé nígbà tí àsìkò náà bá dé lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ tí ó ń wo olùkọ́ lẹ́nu lásán ti ní ohun tí yóò fi gbọ́ ọ.

Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ

Owó kọ́ ni ìyàtọ̀ ńlá. Kò sí èyí tó pọn dandan kí ó ní kọ̀ǹpútà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń tajà fún ilé-ìwé aládàáni máa ń sọ̀rọ̀ UDL bí ẹni pé láti inú táblẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń jáde.

Àkókò àti àṣẹ ni ìyàtọ̀ wà. UDL ń gba àkókò lọ́wọ́ olùkọ́ ṣáájú ẹ̀kọ́, àmọ́ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀la kí hẹ́dìmáàsítà tó gbọ́. Ìwọ̀n oníkálukú ń gba àkókò lójoojúmọ́, kò sì ní dáwọ́ dúró. Kíkọ́ ọmọ níbi tó dé ń gba àkókò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò rọjú. Bí ìdánwò àfẹnusọ bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọmọ kan, ọmọ 58 yóò gba ìṣẹ́jú 174, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta; bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 35 ni lójúmọ́, ó sì ṣeé ṣe. Ohun tí olùkọ́ kò lè dá ṣe ni kí ó pa kíláàsì mẹ́ta pọ̀. Hẹ́dìmáàsítà àti àwọn olùkọ́ méjì yòókù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wákàtí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lórí àtẹ àkókò ilé-ìwé.

Lórí kókó yìí, ìrírí Íńdíà yẹ fún àkíyèsí. Ní ìpínlẹ̀ Bihar, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fún wọn ní ohun èlò, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ fi í sí ara iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kò yọrí sí ohun kan gbòógì, nítorí àwọn olùkọ́ padà sídìí sílábọ́ọ̀sì tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí. Ní ìpínlẹ̀ Haryana, wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́, wọ́n pín àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kà tó, àwọn alábòójútó sì ń wá wò ó. Àwọn ọmọ tẹ̀síwájú nínú ìwé kíkà. Ọ̀nà kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni. Nítorí náà, bí ilé-ìwé rẹ kò bá lè ya wákàtí sọ́tọ̀, má ṣe yan ọ̀nà kẹta yìí, kí o má baà fi orúkọ rẹ̀ dárà lórí ìwé kí ọmọ sì wà níbi tó wà.

Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ọ̀nà kẹta ni ó lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí náà dá lé. Ẹ̀rí pé UDL ń gbé máàkì ọmọ sókè kò tíì nípọn tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èmi kò rí ìdí tí olùkọ́ yóò fi dúró de ìwádìí kí ó tó ya àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Ọ̀ràn ìdánwò ni ó yẹ kó dààmú rẹ̀: ọmọ tí a ti jẹ́ kí ó fi ẹnu dáhùn ní gbogbo táàmù yóò jókòó síwájú bébà ìdánwò, bébà náà kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ọmọ fi ẹnu bẹ̀rẹ̀, kí ó fi àwòrán tẹ̀lé e, àmọ́ kí kíkọ wà níbi tí ọ̀nà náà ń lọ.

Ọmọ tó ní ìpèníjà ara

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tó lòdì sí fífi ọwọ́ rọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara sẹ́yìn, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ lè gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ bí ìyẹn ti jìnnà sí ohun tó wà nílẹ̀.

Nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, UDL nìkan ni ó ro ti ọmọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò ìwé kíkà tí ọ̀nà kẹta gbẹ́kẹ̀ lé lè ṣi ọmọ gbé: ọmọ tí kò ríran dáadáa yóò kùnà níbi lẹ́tà, wọn yóò sì pè é ní ẹni tí kò mọ̀wé, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà tó tóbi ni ó nílò. Àmọ́ UDL náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ tó fọ́jú pátápátá nílò bráìlì, adití nílò èdè ọwọ́ àti àwọn ẹlòmíràn tó ń sọ ọ́. Ọgbọ́n lẹ́sìn nóòtì kò lè dípò ìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi bá àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-ìwé àkànṣe ṣọ̀rẹ́. Ilé-ìwé Pacelli fún àwọn afọ́jú ní Súrùlérè ti ń kọ́ ọmọ ní bráìlì láti ọdún 1962, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fún olùkọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ sì ti wà láti 1977. Ọmọ lè kọ́ bráìlì ní irú ilé-ìwé bíi Pacelli, kí ó sì padà wá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì gbogboogbò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n. Fún ọmọ tí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ran, ẹ̀wẹ̀, kò sí ìdí láti rán an lọ síbikíbi.

Èdè, tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yanjú

Ìwé ìtọ́ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti ti Íńdíà kò lè sọ ti Àgbádárìgì fún wa. Àwa ni a ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́, tí olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìdá fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí kékeré. Nígbà tí a bá sọ pé "ìdá kan nínú mẹ́rin," ìtumọ̀ ti wà nínú orúkọ: a pín nǹkan sí mẹ́rin, a mú ọ̀kan. Ọmọ tó bá gbọ́ "kọ́tà" kò gbọ́ mẹ́rin níbì kankan nínú rẹ̀.

Ìlànà ìjọba kò dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé àṣìṣe ni ìfagilé náà. Àmọ́ bí olùkọ́ bá kọ lẹ́sìn nóòtì rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi ìṣẹ́jú méjì túmọ̀ ohun tó ta kókó sí Yorùbá, tàbí tí ó ní kí ọmọ Ègùn kan túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkejì, ohun tí UDL ní kí ó ṣe náà ni ó ń ṣe: ó ṣí ẹnu ọ̀nà kejì sí ẹ̀kọ́ kan náà.

Èwo ni kí o mú?

Bí kíláàsì rẹ bá ní ọmọ 20 tàbí 25, tí o sì ti mọ̀ wọ́n ju táàmù kan lọ, mú ìwọ̀n oníkálukú, kí o sì máa da ẹgbẹ́ rú ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní Ìbàdàn àti Èkó wà nírú ipò yìí, wọn kò sì ní àwíjàre fún kíkọ́ gbogbo ọmọ bákan náà.

Bí ọmọ bá ju 40 lọ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Yóò rẹ̀ ọ́ kí oṣù kan tó pé, ìwọ yóò sì padà sí bí o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. UDL kékeré ni kí o mú: ọ̀nà méjì láti gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀, ọ̀nà méjì láti dáhùn, nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kí o tó gbé e dé iṣẹ́ mìíràn.

Bí o bá sì ní ọmọ mẹ́wàá tí kò lè kàwé ní kíláàsì kẹrin, UDL nìkan kò ní gbà wọ́n là. Lọ bá hẹ́dìmáàsítà sọ̀rọ̀ wákàtí kan lójúmọ́. Bí ó bá gbà, kíkọ́ ọmọ níbi tó dé ni kí ó gba wákàtí yẹn, kí UDL sì gba ìyókù ọjọ́. Bí kò bá gbà, yọ ìdajì wákàtí nínú àsìkò ìwé kíkà kíláàsì tìrẹ, kí o pín àwọn tìrẹ nìkan sí méjì. Kò tó, àmọ́ ó sàn ju kí wọ́n máa ka ẹ̀yìn ọ̀rùn ara wọn lọ.

Fún olùkọ́ Àgbádárìgì wa, nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní kò ní ohun tí a ń rà nínú. Kí ó gbé ọmọ tí etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ran wá sí iwájú, sí ọwọ́ ọ̀tún kíláàsì, kí etí òsì rẹ̀ lè kọjú sí ibi tí ohùn ti ń wá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àfẹnusọ, ọmọ méjìlá lójúmọ́. Nígbà tí ó bá kan ọmọ tó ti Kùtọnu dé, kí ó wá ẹni tó lè fi ìpínrọ̀ kúkurú kan lédè Faransé síwájú rẹ̀ kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí ọmọ tó ka ìyẹn já ti mọ ìwé kà, èdè ni ó kù tí yóò kọ́, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ lẹ́tà kì í sì í ṣe àyè rẹ̀.